Eku Tí Ara Rẹ̀ Le Tẹ́lẹ̀

"Má fún un lọ́rùn, Ìbíjọkẹ́. Ìrù ni mo ní kí o dì mú."

Dókítà Phoebe Ọládòṣù ló sọ bẹ́ẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀. Ìbíjọkẹ́ dẹ ọwọ́. Eku funfun náà wà nínú ọ̀pá ike tóóró kan, ìrù rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Wọ́n ti fi rọ́bà kékeré kan sí ìdí ìrù náà, bí nọ́ọ̀sì ṣe máa ń fi sí apá ẹni tó fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Rọ́bà náà wú, ó sì rọ̀ padà, nọ́ńbà sì jáde lójú ẹ̀rọ. Níta, àwọn tírélà tó ń lọ sí èbúté Àpápá ń fun fèrè bí ẹni tó ń wá ìjà, ṣùgbọ́n eku náà ò mira.

"Ó ga gan-an, mà," Oghenetega wí.

"Ó gbọ́dọ̀ ga. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i."

Ọlidé ọlọ́jọ́ gbọọrọ ló gbé àwọn ọmọ méjèèjì dé ibẹ̀. Ilé ìwádìí ìṣègùn náà máa ń mú akẹ́kọ̀ọ́ méjì méjì láti àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama mélòó kan, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí bí a ṣe ń ṣe ìwádìí. Tí ọlidé bá ń parí lọ, wọ́n á ṣàlàyé ohun tí wọ́n dán wò níwájú òbí àti olùkọ́, àwọn tí iṣẹ́ wọn bá sì dára jù á gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní yunifásítì. Ìbíjọkẹ́ Ọdẹ́yẹmí àti Oghenetega ni ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Ajégúnlẹ̀ yàn. Orí Ìbíjọkẹ́ pé nídìí ìwé. Ti Tega náà pé, àfi pé bọ́ọ̀lù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìdajì rẹ̀.

Dókítà mú wọn lọ síwájú kéèjì méjì.

"Ẹ wò wọ́n dáadáa. Funfun ni gbogbo wọn, ojú wọn pọ́n, ẹ ò lè fi ojú dá wọn mọ̀. Ṣùgbọ́n ìran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Àwọn ti apá òsì yìí, láti ìgbà baba ńlá wọn ni àwọn onímọ̀ ti ń mú akọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí wọ́n ń fi gun abo tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ìran dé ìran, títí tó fi jẹ́ pé gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí ló ń ní ẹ̀jẹ̀ ríru tó bá ti dàgbà. A ò lè máa fi èèyàn dán oògùn wò ṣáá, àwọn ló ń bá wa gbé ẹrù náà. Àwọn ti apá ọ̀tún, ara tiwọn le. Ara wọn la fi ń díwọ̀n."

Ó mú máákà méjì jáde nínú àpò aṣọ funfun rẹ̀. "Pupa fún ìrù àwọn aláìsàn, búlúù fún àwọn tí ara wọn le. Wọ́n máa ń lá a kúrò, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ tún un fi sí i ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ tí ẹ ò bá mọ ìran tí eku kan ti wá mọ́, kò tún sí ohun tí eku yẹn lè kọ́ yín. Ṣé ẹ gbọ́ mi?"

"A gbọ́, mà."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán fún Ìbíjọkẹ́. Bàbá rẹ̀, Ìsìmáílà Ọdẹ́yẹmí, ń já ẹrù nínú ọkọ̀ omi ní Kirikiri Lighter Terminal. Àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ẹni tó bá rí i á ní àìsàn ò lè mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, òòyì ń kọ́ ọ, ọsibítù sì sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru kọjá ààlà. Wọ́n fún un ní oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́ títí ayé. "Títí ayé" yẹn gan-an ló ń bí i nínú.

"Oògùn tí kò ní òpin," ni ó máa ń wí, "ṣé oògùn ni àbí ìyàwó?"

Ìyàwó rẹ̀ á pòṣé nídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀. Bàbá á gbé oògùn náà mì, á sì fi àgbo sìn ín. Ìyá tó bí i lọ́mọ, tó jẹ́ ọmọ Snake Island, ló fi ewé àgbo náà hàn án kó tó kú, inú kẹ́ẹ̀gì dúdú kan lábẹ́ tábìlì ni ó sì máa ń wà. Lójú tirẹ̀, àgbo yẹn ló ń wo òun, oògùn ọsibítù kàn ń bá a ṣẹgbẹ́ ni.

Ìdí nìyí tí Ìbíjọkẹ́ fi béèrè lọ́wọ́ Dókítà bóyá àwọn lè fún àwọn eku aláìsàn ní àgbo náà mu, kí àwọn wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ wọn á wálẹ̀. Dókítà ronú díẹ̀, ó sì gbà. "Inú ewé ni ọ̀pọ̀ oògùn ti jáde," ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí eku sọ tẹnu rẹ̀ o. Ẹ má bá a sọ ọ́."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀ nígbà tó gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà.

"Gbọ́, Àbẹ̀kẹ́ mi. Ojú eku yẹn ni mò ń wò báyìí. Bí àgbo ìyá mi bá mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, èmi àti oògùn ọsibítù ti pín gaarí nìyẹn. Bí kò bá sì mú un wálẹ̀, mo gbà fún wọn, màá máa gbé e mì láìráhùn títí tí wọ́n á fi sin mí."

"Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ṣàwàdà, Bàbá Ìbíjọkẹ́," ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ta ní ń ṣàwàdà? Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Kí ni mo fi ń rán an níwèé?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Ìbíjọkẹ́ nínú. Kò tíì sí ẹni tó gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé e lọ́wọ́ rí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń da àgbo sínú ìgò omi àwọn eku aláìsàn, omi lásán ni àwọn tí ara wọn le sì ń mu. Wọ́n ń wọn ìrù, wọ́n tún ń wọ̀n ọ́n, ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn náà ò sì wálẹ̀ rárá. Àgbo kò mú un wálẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dúró síbẹ̀ ni, tí ọmọ náà lọ sílé tó sọ ọ́ bó ṣe rí fún bàbá rẹ̀, kì bá má sí ìtàn kankan tí à bá máa sọ. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gun orí pèpéle lọ sọ fún ayé pé ohun tí òun dán wò kò ṣiṣẹ́?

"Abẹ́g, kò sẹ́ni tó máa fún wa ní nǹkan kan báyìí," Tega ń ráhùn. "Àwọn ọmọ Àpápá yẹn máa gbé prize yẹn lọ lójú wa ni."

Láàárín ìgbà yẹn, eku kan bu Ìbíjọkẹ́ jẹ lọ́mọ ìka nígbà tó ń fi máákà sí i nírù. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń bẹ̀rù ìrù. Ọjọ́ Ajé kan kọjá, òmíràn tún kọjá, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun á ṣe é lọ́la. Tega kò bi í. Máákà ń pa rẹ́ díẹ̀díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kíyè sí i.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fọ kéèjì bọ́ sí ọjọ́ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Tega fẹ́ gbá ìdíje. Dókítà ti lọ sí ìpàdé kan nílùú Ìbàdàn. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ni pé wọ́n á fọ kéèjì kan tán, wọ́n á dá àwọn eku rẹ̀ padà, kí wọ́n tó fọwọ́ kan èkejì. Ṣùgbọ́n Tega ń wo aago ṣáá.

"Ẹ jẹ́ ká dà wọ́n pọ̀ sínú báàfù ńlá yẹn, ká fọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ní máákà lára, kí ló dé?"

Ìbíjọkẹ́ gbà. Wọ́n fọ kéèjì mọ́ tónítóní, wọ́n da lẹ́búlẹ́bú pákó tuntun sí i. Ìgbà tí wọ́n padà sídìí báàfù ni àyà Ìbíjọkẹ́ já. Ìrù díẹ̀ ṣì pọ́n, díẹ̀ ṣì ní búlúù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ní nǹkan kan lára mọ́.

"Tega! Èwo ni tibo?"

Tega bẹ̀rẹ̀, ó wo inú báàfù. "Èyí jọ aláìsàn. Èyí náà jọ ọ́." Ó ń mú wọn ní ìrù, ó ń jù wọ́n sí kéèjì. "All na rat, jàre. Fi máákà sí wọn kíá, mò ń pẹ́."

Ìbíjọkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kun àwọn ìrù náà. Ní apá òsì, pupa. Ní apá ọ̀tún, búlúù. Nígbà tó parí, gbogbo rẹ̀ ń dán, ó sì mọ́ lójú ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ wọ̀n. Eku àkọ́kọ́ nínú kéèjì aláìsàn wálẹ̀. Èkejì wálẹ̀. Ìkẹta ṣì ga, ìkẹrin tún wálẹ̀. Tega hó yèè, ó gbé Ìbíjọkẹ́ sókè. Ìbíjọkẹ́ náà kígbe, ó ti ń rí ojú bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó mọ̀wé ni, kò lè ṣe kó má wọn ti kéèjì kejì, àwọn tí kò mu àgbo rí. Àwọn kan nínú wọn ga gan-an. Ara eku tó le láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, báwo ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ru láàárín ọ̀sẹ̀ kan?

Ó jókòó sílẹ̀. Kò pẹ́ kó tó yé e. Àgbo ò wo eku kankan sàn. Àwọn eku tí ara wọn le ló ti bá ara wọn nínú kéèjì aláìsàn.

"Tega, a ti da ìran wọn rú. Ẹ jẹ́ ká sọ fún Dókítà."

"Ká sọ kí ni?" Tega ti ilẹ̀kùn. "Tí a bá sọ ọ́, wọ́n máa yọ wá kúrò nínú ìdíje. Jọ́kẹ́, ronú o. Yunifásítì ni, free! Ṣé bàbá ẹ ló máa san án ni, àbí tèmi tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé èrò? A ò ní wọn kéèjì kejì yìí mọ́. Nọ́ńbà wọn ti tẹ́lẹ̀ la máa lò. Ta ló máa kú síbẹ̀? Eku ṣá ni."

Ìbíjọkẹ́ pa nọ́ńbà tuntun ti kéèjì kejì rẹ́ nínú ìwé.

Nígbà tí Dókítà dé láti Ìbàdàn, ó wo nọ́ńbà àwọn eku alágbo, ó sì di ojú pọ̀. "Ó yà mí lẹ́nu. Ìbíjọkẹ́, ṣé ẹ ń fi máákà sí ìrù wọn déédéé?"

Ọ̀nà ṣì là sílẹ̀ gbayawu níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá sọ. Ó wo Tega, Tega wo ilẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ó wí.

Ọjọ́ àlàyé pé. Bàbá wọ jalámíà funfun, ó jókòó síwájú, ó na ọrùn. Ìbíjọkẹ́ sọ̀rọ̀ bí agbẹjọ́rò, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́. Dókítà Ọládòṣù dìde lẹ́yìn rẹ̀, ó kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni èyí, pé àwọn eku náà kéré níye, pé kí ẹnikẹ́ni má torí rẹ̀ yí oògùn rẹ̀ padà. Bàbá ò gbọ́ èyí. Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ nìkan ló gbọ́. Ìgbà tí wọ́n pe Ìbíjọkẹ́ àti Oghenetega pé àwọn ló gba ipò kìíní, ọkùnrin tó ń gbé àpò ìrẹsì bí ẹni gbé ìrọ̀rí náà bú sẹ́kún níwájú àwọn èèyàn.

Kí wọ́n tó wọ àdúgbò tán ni gbogbo Ajégúnlẹ̀ ti gbọ́. "Ọmọ mi ló wọ̀n ọ́n! Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n! Àgbo ìyá mi ni!"

Láti ọjọ́ yẹn ni oògùn ọsibítù ò ti dín mọ́. Orí rédíò ló wà, eruku ń bò ó. Ìbíjọkẹ́ ń rí i tó bá ń gbálẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí bàbá ń múra ibi iṣẹ́, ó fi ìgboyà mú un wá fún un.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lo oògùn yín. Dókítà ní kí ẹnikẹ́ni má fi í sílẹ̀."

Bàbá gbé kẹ́ẹ̀gì sẹ́nu, ó mu àgbo rẹ̀ tẹ́rùn. "Àbẹ̀kẹ́, ṣé ọwọ́ rẹ kọ́ ló wọ̀n ọ́n ni?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé o parọ́ ni?"

Bàbá ń rẹ́rìn-ín bó ṣe bi í. Ìbíjọkẹ́ la ẹnu. Ó rí yunifásítì, ó rí Tega, ó rí gbogbo àdúgbò tó ń pè é ní dókítà kékeré. Ó pa ẹnu náà dé. Bàbá fọwọ́ pa á lórí, ó sì jáde lọ sí Kirikiri.

Orí èbúté ló ṣubú sí lọ́sẹ̀ yẹn, tòun ti ẹrù léjìká. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yọ̀, àfi ìgbà tí wọ́n rí ẹnu rẹ̀ tó ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Rọpárọsẹ̀ ni. Ní ọsibítù, dókítà kan tí ojú rẹ̀ ti rẹ̀ bi ìyá Ìbíjọkẹ́ bóyá ọkọ rẹ̀ ń lo oògùn rẹ̀.

"Ó ti fi í sílẹ̀, dókítà," ìyá dáhùn. Pẹ̀lú gbogbo ẹkún tó wà lójú rẹ̀, ó fọwọ́ tọ́ka sí ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ń fi ohun ìní hàn. "Ọmọ wa yìí ló fi eku dán àgbo wò. Àgbo yẹn ló ń mu."

Dókítà náà yíjú wo Ìbíjọkẹ́. Ìbíjọkẹ́ fẹ́ kí ilẹ̀ lanu, kó gbé òun mì.

Ẹsẹ̀ ló fi rìn dé Àpápá. Ó kúnlẹ̀ níwájú Dókítà Ọládòṣù láàárín àwọn kéèjì, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, láti ìgbà tí eku ti bu òun jẹ títí dé orí èbúté. Dókítà yọ awò ojú rẹ̀.

"Àwọn eku tí ẹ wọ̀n yẹn kò rí ìwòsàn, Ìbíjọkẹ́. Ara wọn ti le tẹ́lẹ̀. Kí ló dé tí o kò sọ fún mi? Bínú ni mo máa bínú, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. À bá tún un ṣe. Àgbo tí kò ṣiṣẹ́, ìmọ̀ nìyẹn náà. Òun gan-an ni ìmọ̀ tí bàbá rẹ nílò."

Wọ́n gba ẹ̀bùn náà padà. Tega ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Tó bá pàdé rẹ̀ lójú títì, á rékọjá sí òdìkejì. Ìbíjọkẹ́ ò dá a lẹ́bi. Ohun tó ń dùn ún kì í ṣe ẹ̀bùn, kì í ṣe Tega.

Wọ́n gbé bàbá wálé. Orí ẹní tímùtímù nítòsí máṣíìnì ìránṣọ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti kú, ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ìyá ló ń rán aṣọ jẹ báyìí, fún ara rẹ̀, fún ọmọ, fún ọkọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìbíjọkẹ́ kúnlẹ̀ tì í.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. Irọ́ ni mo pa. Mo da ìran àwọn eku yẹn rú, mo sì mọ̀, mo dákẹ́. Àgbo yẹn ò mú ẹ̀jẹ̀ eku kankan wálẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bi mí, ó yẹ kí n sọ fún yín."

Máṣíìnì ìyá dúró. Bàbá ń wo ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ ò ṣẹ́. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè díẹ̀díẹ̀. Ìbíjọkẹ́ tẹrí ba, ó rò pé ó fẹ́ gbá òun létí ni, tàbí ó fẹ́ gbé ọwọ́ lé òun lórí. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, òun á gbà á. Ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kọjá lórí rẹ̀, ó nà sí abẹ́ tábìlì, síbi tí kẹ́ẹ̀gì dúdú wà.

"Á... á..." bàbá ń wí.

Àgbo ló ń béèrè. Bóyá kò gbọ́ ohun tó sọ, bóyá ó gbọ́, tí kò gbà pé ọmọ òun lè parọ́, kò sẹ́ni tó máa lè bi í mọ́ láyé. Ìyá Ìbíjọkẹ́ fi aṣọ tó ń rán bo ojú.

Ìbíjọkẹ́ mú oògùn ọsibítù, ó fi omi sí i, ó gbé e sún mọ́ ẹnu bàbá rẹ̀. Bàbá pa ẹnu dé, ó yí orí kúrò.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kàwé, ẹ fi èyí sọ́kàn: irọ́ kì í dúró síbi tí a bá gbé e kalẹ̀ sí. Orí pèpéle ìdíje ni Ìbíjọkẹ́ gbé tirẹ̀ sí, ó sì tẹ̀ lé e wálé. Kí a ṣe àṣìṣe kì í ṣe ohun tó ń ba ayé jẹ́, ká mọ̀ ọ́n ká sì panu mọ́ ni. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀; gbogbo òtòkùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Máṣíìnì ìyá tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọmọ náà ṣì kúnlẹ̀, oògùn ń yọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ bàbá rẹ̀ sì nà sí abẹ́ tábìlì síbẹ̀.